Àpò Ìwé Pupa: Ọjọ́ Tí Wọ́n Ṣi Orúkọ Pè ní Oscar

Ní ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn Dolby Theatre ní Los Angeles, àwọn òpó kan wà tí wọ́n kọ orúkọ gbogbo fíìmù tó ti gba Oscar fún Fíìmù Tó Dára Jù Lọ sí lára, láti ọdún dé ọdún. Àyè òfìfo ṣì wà lára wọn fún àwọn ọdún tí kò tíì dé, títí dé 2071. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 26 oṣù kejì ọdún 2017, ọ̀kan nínú àwọn àyè náà ń dúró de orúkọ. Ní gbogbo ayé, ẹni méjì péré ló mọ orúkọ ọ̀hún.

Mo ti wo fídíò alẹ́ ọjọ́ náà ní àìmọye ìgbà. Bí ẹ bá bi àwọn ènìyàn léèrè nípa rẹ̀ lónìí, àṣìṣe ni wọ́n á rántí. Ta ló rántí ọ̀rọ̀ tí àwọn tó borí sọ? Ohun tó ń dùn mí nìyẹn, òun náà ló mú kí n to ọjọ́ yẹn jọ ní wákàtí sí wákàtí.

Òwúrọ̀

Wọ́n ti dí Hollywood Boulevard pa fún ọkọ̀. Bí ènìyàn bá dúró níwájú Dolby tó sì wo òdì-kejì títì, hótẹ́ẹ̀lì Roosevelt ni yóò rí. Ibẹ̀ ni Oscar ti bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 16 oṣù karùn-ún ọdún 1929. Nǹkan bí 270 ènìyàn ló wá jẹun alẹ́ níbẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì jẹ́ dọ́là 5, pínpín àmì-ẹ̀yẹ náà kò sì gbà ju bí ìṣẹ́jú 15 lọ. Àyà ẹnikẹ́ni kò já lálẹ́ ọjọ́ yẹn, nítorí wọ́n ti kéde àwọn tó borí láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta ṣáájú.

Àmì-ẹ̀yẹ ńlá méjì ni wọ́n fún fíìmù lọ́dún náà. Wings, fíìmù ogun òfuurufú, gba ọ̀kan. Sunrise gba èkejì, èyí tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ ọnà tí kò ní àfiwé. Kí ọdún kejì tó dé, wọ́n ti pa ti Sunrise rẹ́, Wings nìkan ló sì wà nínú ìwé gẹ́gẹ́ bí àkọ́kọ́. Orúkọ tí wọ́n ń pe àmì-ẹ̀yẹ náà yí padà lẹ́ẹ̀mélòó kan kó tó di Fíìmù Tó Dára Jù Lọ ní 1962. Lójú tèmi, pípa tí wọ́n pa àmì-ẹ̀yẹ kejì yẹn rẹ́ kò dára. Fíìmù tó dá gbogbo ayé lára yá àti fíìmù tó wọ ènìyàn lọ́kàn ṣinṣin kì í ṣe ẹgbẹ́, wọn kò sì yẹ kí wọ́n máa du ife kan ṣoṣo. Ní 2017, ọ̀rọ̀ yẹn padà wá síwájú òpópónà kan náà.

Ọ̀sán

PricewaterhouseCoopers ni ilé-iṣẹ́ tó ń ka ìbò Oscar, ó sì ti lé ní ọgọ́rin ọdún tí wọ́n ti ń ṣe é. Brian Cullinan àti Martha Ruiz ni akáǹtáǹtì méjì tí wọ́n rán lọ́dún náà. Ìsọ̀rí 24 ló wà, ṣùgbọ́n àpò ìwé jẹ́ ìlọ́po méjì iye yẹn: báàgì Cullinan ní odidi ìdì kan, báàgì Ruiz náà ní odidi ìdì kan. Ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n máa ń gbé báàgì méjèèjì gbà, kí ohun tó bá dí ọ̀kan lọ́wọ́ lójú ọ̀nà má baà dí èkejì. Bí wọ́n bá dé gbọ̀ngàn, ọ̀kan á dúró ní apá òsì ẹ̀yìn ìtàgé, èkejì á dúró ní apá ọ̀tún. Ẹni tó fẹ́ kéde á gba àpò ìwé lọ́wọ́ akáǹtáǹtì tó wà ní apá ibi tó ti ń wọlé, akáǹtáǹtì kejì á sì yọ ẹ̀dà tirẹ̀ sọ́tọ̀. Ẹ fi gbólóhùn ìkẹyìn yẹn sọ́kàn.

Lọ́dún náà, wọ́n pààrọ̀ àwọ̀ àpò ìwé. Pupa ni, wọ́n sì fi lẹ́tà aláwọ̀ góòlù kọ ọ̀rọ̀ sí i lára, èyí tí ojú kò lè tètè kà. Lórí káàdì inú rẹ̀, orúkọ ẹni tó borí hàn gbangba, ṣùgbọ́n orúkọ ìsọ̀rí kéré púpọ̀, ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n sì kọ ọ́ sí.

Kí ló tilẹ̀ mú kí wọ́n máa fi àpò ìwé pa orúkọ mọ́? Ọ̀rọ̀ 1940 ni. Nígbà náà, wọ́n máa ń fún àwọn ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn ní orúkọ àwọn tó borí ṣáájú, pẹ̀lú àdéhùn pé wọn kò ní tẹ̀ ẹ́ jáde títí ètò yóò fi parí. Ní ọjọ́ 29 oṣù kejì ọdún 1940, ìwé ìròyìn Los Angeles Times da àdéhùn, ó tẹ orúkọ wọn sínú ẹ̀dà ìrọ̀lẹ́. Àwọn tó ń bọ̀ wá sí ètò ti ka ẹni tó borí kí wọ́n tó jókòó. Láti ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ti ń fi àpò ìwé tí a dí pa.

Alẹ́ ọjọ́ kan náà ni Hattie McDaniel di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba Oscar, fún ipa ìránṣẹ́bìnrin tó kó nínú Gone with the Wind. Hótẹ́ẹ̀lì Ambassador tí wọ́n ti ṣe ètò náà kì í gba aláwọ̀ dúdú lálejò. Ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n fi bẹ̀ wọ́n kó tó wọlé. Nígbà tó wọlé, tábìlì kékeré kan lẹ́bàá ògiri ni wọ́n fi í sí, ó jìnnà sí àwọn tí wọ́n jọ ṣe fíìmù. Láti ibẹ̀ ló ti dìde lọ gba ohun tó jẹ́ tirẹ̀.

Mi ò lè ya ìtàn méjèèjì yìí sọ́tọ̀. Alẹ́ tó bí àpò ìwé ni alẹ́ tí wọ́n fi obìnrin náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Agogo mẹ́ta sí márùn-ún

Kápẹ́ẹ̀tì pupa kún. Àwọn kan lẹ rípónì búlúù mọ́ aṣọ láti fi hàn pé wọ́n wà lẹ́yìn ACLU, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn ní Amẹ́ríkà. Ó kù díẹ̀ kó pé oṣù kan tí Ààrẹ Trump ti fòfin de àwọn ará orílẹ̀-èdè méje láti wọ Amẹ́ríkà. Asghar Farhadi, olùdarí fíìmù láti Iran, ti ní òun kò ní wá nítorí òfin náà. Fíìmù rẹ̀, The Salesman, borí lálẹ́ ọjọ́ náà, Anousheh Ansari ló sì bá a ka ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Fíìmù mẹ́sàn-án ló ń du àmì-ẹ̀yẹ ńlá, ṣùgbọ́n méjì ni gbogbo ẹnu ń pè. La La Land ni èkíní, fíìmù orin àti ijó nípa ọmọbìnrin kan tó ń wá ipa nínú eré àti ọkùnrin kan tó ń lu dùùrù jáàsì. Ìgbà 14 ni wọ́n dárúkọ rẹ̀ láàárín àwọn tó ń du àmì-ẹ̀yẹ, iye tí All About Eve àti Titanic nìkan ti ní rí.

Moonlight ni èkejì, ìgbà mẹ́jọ ni wọ́n dárúkọ tirẹ̀. Owó tí wọ́n fi ṣe é jẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ dọ́là, owó tí kò tó nǹkan ní Hollywood. Ọjọ́ 25 ni wọ́n fi yà á, ní Miami. Ó jẹ́ ìtàn ọmọdékùnrin aláwọ̀ dúdú kan, Chiron, ní ìgbà mẹ́ta nínú ayé rẹ̀: ìyá rẹ̀ ti sọ ara rẹ̀ nù sínú oògùn olóró, ó ń fẹ́ràn ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀, kò sì ní ẹnu tó lè fi sọ ọ́. Tarell Alvin McCraney ló kọ ìtàn náà, Barry Jenkins ló darí rẹ̀. Àdúgbò Liberty City ní Miami ni àwọn méjèèjì dàgbà sí, láàárín àwọn ilé ìjọba kan náà, láìmọ ara wọn. Oògùn olóró ba ayé ìyá àwọn méjèèjì jẹ́. Ìtàn tiwọn gan-an ló wà lójú fíìmù yẹn. Naomie Harris, tó ṣe ìyá Chiron, fi ọjọ́ mẹ́ta péré ya gbogbo ipa tirẹ̀.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kan ṣáájú, Moonlight ti gba gbogbo àmì-ẹ̀yẹ mẹ́fà tó ń du níbi ètò Spirit Awards ní Santa Monica. Síbẹ̀, La La Land ni ọ̀pọ̀ ń sọ pé yóò gba ti Oscar.

Ìbò ti parí láti ọjọ́ 21. Nínú àwọn ìsọ̀rí tó kù, ẹni tí ìbò rẹ̀ bá pọ̀ jù ló borí. Ti Fíìmù Tó Dára Jù Lọ kò rí bẹ́ẹ̀ láti ètò ọdún 2010. Olùdìbò á to àwọn fíìmù ní ipò kìíní, ìkejì, ìkẹta, títí lọ. Bí kò bá sí èyí tó ní ju ìdajì lọ, wọ́n á yọ fíìmù tí àwọn tó fi í ṣe ìkíní kéré jù, wọ́n á sì gbé ìwé ìbò wọn fún fíìmù tí wọ́n fi ṣe ìkejì. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á máa yọ ọ́ títí ọ̀kan yóò fi ju ìdajì lọ. Fíìmù tí àwọn kan ń bọ, tí àwọn mìíràn ò fẹ́ rí, lè ṣubú níbẹ̀. Èyí tí gbogbo ènìyàn gbà pé ó dára gan-an ló máa ń dé orí òkè.

Ohun kan tún wà tí a ò gbọ́dọ̀ fò. Ní 2015 àti 2016, gbogbo òṣèré ogún tí wọ́n dárúkọ lọ́dọọdún ló jẹ́ aláwọ̀ funfun. David Oyelowo wà lára àwọn tí wọ́n fò ní 2015, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Selma, tó ti ṣe Martin Luther King, wà nínú fíìmù tó ń du àmì-ẹ̀yẹ ńlá. Oxford ni wọ́n bí i sí, Yorùbá ni bàbá rẹ̀, Èkó ló sì ti lo apá kan nínú ìgbà èwe rẹ̀. Ariwo tó tẹ̀ lé e ló mú kí ẹgbẹ́ tó ń fúnni ní Oscar, lábẹ́ Cheryl Boone Isaacs, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó jẹ́ ààrẹ rẹ̀, pe ọmọ ẹgbẹ́ tuntun 683 wọlé ní 2016, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ obìnrin àti àwọn tí kì í ṣe aláwọ̀ funfun.

Agogo márùn-ún ààbọ̀

Justin Timberlake fi orin àti ijó ṣí ètò. Jimmy Kimmel ni alága ìjókòó. Ní Èkó, agogo méjì ààbọ̀ òru ọjọ́ Ajé ló lù.

Àmì-ẹ̀yẹ àkọ́kọ́ ni ti òṣèrékùnrin amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́, Mahershala Ali ló gbà á fún ipa Juan nínú Moonlight, ọkùnrin tó ń ta oògùn olóró tó sì tún di bàbá fún Chiron. Ọjọ́ mẹ́rin péré ṣáájú ni ìyàwó rẹ̀ bímọ. Òun ni òṣèré Mùsùlùmí àkọ́kọ́ tó gba Oscar.

Àárín ètò

Wákàtí tó tẹ̀ lé e kún fún ẹ̀rín. Súwíìtì ń já bọ́ láti òkè àjà, wọ́n sì kó àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ tí kò mọ ibi tí wọ́n ń lọ wọ inú gbọ̀ngàn. Viola Davis gba tirẹ̀ fún Fences. Oyelowo jáde pẹ̀lú Salma Hayek láti fún àwọn fíìmù kúkúrú ní àmì-ẹ̀yẹ, lórí ìtàgé àwọn tó fò ó lọ́dún méjì sẹ́yìn. Màmá Katherine Johnson, ẹni ọdún 98, tí ìṣirò wọn wà lára ohun tó gbé àwọn ará Amẹ́ríkà lọ sí òfuurufú, jáde lórí àga oníkẹ̀kẹ́. Gbogbo gbọ̀ngàn dìde dúró fún wọn.

Àṣìṣe kan ti ṣẹlẹ̀ kí ti ńlá tó dé. Nígbà tí wọ́n ń rántí àwọn òkú ọdún náà, wọ́n kọ orúkọ Janet Patterson, tó máa ń ṣe aṣọ fíìmù, ṣùgbọ́n àwòrán Jan Chapman, olóòtú fíìmù tó wà láàyè, ni wọ́n gbé síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò tilẹ̀ fura.

Lẹ́yìn agogo mẹ́jọ ààbọ̀

Jenkins àti McCraney gba àmì-ẹ̀yẹ ìwé eré tí a yí padà láti inú iṣẹ́ mìíràn. McCraney ní ti àwọn ọmọ dúdú tí wọn kì í rí ara wọn níbì kankan ni. Jenkins ní kí ẹni tó bá rò pé òun kò ní dígí tí òun lè wo ara òun nínú rẹ̀ mọ̀ pé àwọn wà lẹ́yìn rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ó tún kan La La Land. Damien Chazelle, ẹni ọdún 32, di ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ kéré jù tó gba ti olùdarí. Casey Affleck gba ti òṣèrékùnrin fún Manchester by the Sea. Leonardo DiCaprio wá jáde láti kéde òṣèrébìnrin tó dára jù lọ. Àpò ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, Martha Ruiz ló fún un. Emma Stone ti La La Land ló borí, ó sì mú káàdì náà dání kúrò lórí ìtàgé.

Ẹ̀dà kejì orúkọ Emma Stone ṣì wà lọ́wọ́ Cullinan ní apá kejì, tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí.

Agogo mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún

Àwòrán Emma Stone pẹ̀lú ère rẹ̀ ní ẹ̀yìn ìtàgé jáde lórí Twitter. Brian Cullinan ló fi fóònù rẹ̀ yà á, tó sì gbé e síta. Ẹni tó kàn án láti fún ní àpò ìwé wà nítòsí rẹ̀: Warren Beatty, ẹni ọdún 79, àti Faye Dunaway, ẹni ọdún 76. Wọ́n pè wọ́n nítorí ó pé 50 ọdún tí àwọn méjèèjì ti ṣe Bonnie and Clyde.

Cullinan na àpò ìwé pupa sí Beatty. Bàbá náà gbà á, ó sì wọlé.

Beatty ṣí i. Ó wo káàdì. Ó tún na ọwọ́ sínú àpò ìwé bóyá káàdì mìíràn wà níbẹ̀. Ó wo Dunaway. Àwọn ènìyàn ń rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé ó ń fi wọ́n ṣeré. Kì í ṣe eré: ohun tó rí ni orúkọ Emma Stone, àti La La Land nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó na káàdì sí Dunaway. Dunaway rí orúkọ fíìmù, ó sì pè é sókè: La La Land.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ kì í ṣeé kó.

Àwọn èrò La La Land gun orí ìtàgé, wọ́n ń dì mọ́ra wọn. Jordan Horowitz, ọ̀kan lára olóòtú mẹ́ta, dúpẹ́. Marc Platt dúpẹ́ tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn wọn, ọkùnrin kan tó fi ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ sétí ti ń rìn láàárín wọn, akáǹtáǹtì méjèèjì ti dé, àpò ìwé ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn. Wọ́n mọ orúkọ gan-an lórí. Nítorí irú ìṣẹ́jú yìí ni wọ́n ṣe ní kí wọ́n há a sórí. Gary Natoli, ọ̀kan lára alábòójútó ìtàgé, sọ lẹ́yìn ìgbà náà pé nígbà tó yẹ kí wọ́n sáré jáde, ṣe ni wọ́n dúró bí ẹni tí ara rẹ̀ kú. Ó gbà tó ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀. Ẹ ka ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀ níbi tẹ́ ẹ jókòó sí, kẹ́ ẹ rí bó ti pẹ́ tó.

Fred Berger ni olóòtú kẹta tó bọ́ sídìí ẹ̀rọ. Ó ń dúpẹ́, ó bojú wẹ̀yìn, ó sì sọ wẹ́rẹ́ pé àwọn kọ́ ni àwọn borí.

Horowitz ló tún gbogbo rẹ̀ ṣe, mo sì bọ̀wọ̀ fún un títí dòní. Ó padà sídìí ẹ̀rọ, ó ní àṣìṣe ti wà, Moonlight ló borí, kí wọ́n máa bọ̀. Wọ́n rò pé ó ń ṣàwàdà. Ó ní kì í ṣe àwàdà. Ó gba káàdì lọ́wọ́ Beatty, ó nà án sókè kí gbogbo ayé kà á. Nígbà tí Kimmel ń fẹ́ fi ẹ̀rín bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, Horowitz ní inú òun yóò dùn láti fi ère náà lé àwọn ọ̀rẹ́ òun lọ́wọ́. Ó sì fi lé wọn lọ́wọ́. Ẹni tí wọ́n já ère gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lójú gbogbo ayé ló hùwà bíi olórí ilé.

Nísàlẹ̀, Barry Jenkins gbé ọwọ́ lérí. Àwọn ọmọ Moonlight gun òkè lójú ìdàrúdàpọ̀, wọ́n ń kọjá lára àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń dì mọ́ wọn. Adele Romanski, ọ̀kan lára olóòtú fíìmù náà, ní òun kò tíì mọ̀ dájú bóyá òótọ́ ni. Jenkins sọ pé lójú àlá pàápàá, èyí kò lè ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n kí àlá máa lọ, nítorí òótọ́ nìyí. Ọ̀rọ̀ náà kò ju ìwọ̀nba díẹ̀ lọ.

Beatty ti ṣàlàyé ohun tó rí nínú àpò ìwé. Kimmel pa ètò dé, lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú 49.

Moonlight ni fíìmù àkọ́kọ́ tó gba àmì-ẹ̀yẹ ńlá yìí tí gbogbo òṣèré rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ dúdú, ìtàn ọkùnrin tó fẹ́ràn ọkùnrin àkọ́kọ́ tó sì dé ibẹ̀. Ìwé ìròyìn ọjọ́ kejì fi ojú Beatty, Dunaway àti akáǹtáǹtì síwájú.

Lẹ́yìn agogo mẹ́sàn-án ààbọ̀

Ní ẹ̀yìn ìtàgé, Emma Stone ń sọ fún àwọn oníròyìn pé káàdì tòun kò kúrò lọ́wọ́ òun rárá. Ẹnu ya gbogbo wọn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, PricewaterhouseCoopers ti tọrọ àforíjì. Ní ọ̀sẹ̀ náà, wọ́n yọ Cullinan àti Ruiz kúrò nídìí iṣẹ́ Oscar. Láti ọdún tó tẹ̀ lé e, akáǹtáǹtì kò gbọ́dọ̀ mú fóònù dání lẹ́yìn ìtàgé mọ́, wọ́n sì fi ẹnì kẹta kún wọn. Beatty àti Dunaway padà wá kéde ní 2018, wọ́n sì pe orúkọ tó tọ́.

Ní Èkó, ilẹ̀ ọjọ́ Ajé ti ń mọ́. Ẹni tó jí wo fóònù rẹ̀ ní agogo mẹ́fà kọjá díẹ̀ lè kọ́kọ́ gbọ́ La La Land, kó tó dé balùwẹ̀ padà kó gbọ́ Moonlight.

Ní oṣù kẹta ọdún 2018, Jenkins sọ̀rọ̀ níbi àpéjọ SXSW ní ìlú Austin, ní Texas. Ó mú ọ̀rọ̀ tó ti fẹ́ sọ lálẹ́ ọjọ́ náà dání, tí ìdàrúdàpọ̀ kò jẹ́ kó sọ. Ó kà á. Ó ní òun àti McCraney gan-an ni Chiron. Ó ní kò sẹ́ni tó máa wo irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kó rò pé yóò dàgbà ṣe fíìmù tí yóò gba Oscar. Ó ní òun fúnra òun kò gbà fún ara òun láti lálàá rẹ̀. Nígbà tó kà á tán, ọjọ́ 26 oṣù kejì ti lé ní ọdún kan tó ti kọjá.